George Washington Carver: Ọmọ ẹrú tó gbé ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ bá tálákà lóko

Àgbẹ̀ tó ti jẹ gbèsè kó tó fi irúgbìn sílẹ̀, iṣẹ́ ẹlòmíràn ló ń ṣe. Àwọn tó ń gbin kòkó nílẹ̀ Yorùbá mọ èyí dáadáa, nítorí kì í ṣe òní, kì í ṣe àná, ni àwọn olówó ti ń ra kòkó lórí igi lọ́wọ́ ẹni tí owó ilé-ìwé ọmọ ká mọ́. Irú ìyà yìí gan-an ló ń jẹ àwọn ènìyàn dúdú tó ń gbin òwú ní Alabama, ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí George Washington Carver dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọdún 1896. Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ Carver, ọ̀rọ̀ ẹ̀pà ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ẹ̀pà kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù lọ. Iṣẹ́ ọkùnrin náà gan-an ni bó ṣe lo owó táṣẹ́rẹ́ tí ìjọba fi sílẹ̀ láti kọ́ àgbẹ̀ tálákà bí yóò ṣe ṣètò oṣù méjìlá inú ọdún rẹ̀, kó lè bọ́ lọ́wọ́ olówó èlé.

Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ọdún 1864, tàbí ọdún tó sún mọ́ ọn, ni àwọn òpìtàn ń sọ, ní Diamond, ìpínlẹ̀ Missouri, nígbà tí ogun abẹ́lé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń lọ lọ́wọ́. Mary lorúkọ ìyá rẹ̀, ẹrú sì ni obìnrin náà lọ́wọ́ àgbẹ̀ òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Moses Carver. Ọmọ ọwọ́ ni George nígbà tí àwọn jàǹdùkú ya wọ oko náà, tí wọ́n jí òun àti ìyá rẹ̀ gbé, tó di Arkansas. Moses Carver bẹ ènìyàn kan pé kó tọ̀ wọ́n lẹ́yìn. Ọmọ nìkan ni ẹni náà rí gbà padà, ẹṣin kan ni wọ́n sì fi san án fún wàhálà rẹ̀. Ìyá rẹ̀ di àwátì títí ayé.

Nígbà tí òwò ẹrú dópin, Moses àti Susan ìyàwó rẹ̀ kò lé George àti Jim ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, wọ́n tọ́ wọn ni. Ara George kò le, ikọ́ líle ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀ ní kékeré, nítorí náà iṣẹ́ inú ilé ni wọ́n fi sí: oúnjẹ sísè, aṣọ fífọ̀, aṣọ rírán àti ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Ọgbà yìí ló gba ọkàn rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn aládùúgbò fi ń gbé òdòdó tó ń rọ wá bá a pé kó bá àwọn wò ó sàn, tí wọ́n sì ń pè é ní dókítà igi.

Ìwé ló wá a kúrò nílé. Ilé-ìwé tó wà nítòsí kò gba ọmọ dúdú, nítorí náà ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Neosho, ó ń ṣiṣẹ́ ilé fún tọkọtìyàwó kan tó gbà á sílé. Láti ibẹ̀, ó di Kansas, ìlú dé ìlú, ó ń fọṣọ fún owó. Ní ọdún 1885, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan fi lẹ́tà gbà á wọlé. Nígbà tó yọjú, tí wọ́n rí i pé ènìyàn dúdú ni, wọ́n ní kó padà.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn èyí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ìtàn rẹ̀ máa ń fò. Ó lọ di àgbẹ̀ lórí ilẹ̀ ìjọba. Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1862 tó fún ẹni tó bá fẹ́ ní 160 éékà ilẹ̀, bó bá lè gbé orí rẹ̀, kó sì dáko níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Carver gba tirẹ̀ ní Ness County, ní Kansas, ní 1886. Kò sí igi níbẹ̀, erùpẹ̀ àti koríko tí wọ́n gé bí búlọ́ọ̀kù ló fi kọ́lé. Ó tó nǹkan bí éékà 17 tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ aṣálẹ̀ ni, òjò rẹ̀ kò tó nǹkan, òtútù rẹ̀ sì ń pa ẹran. Ní 1888, ó yá 300 dọ́là ní báńkì, kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà tó fi ilẹ̀ ọ̀hún sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tó wá ń bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ gbèsè àti ilẹ̀ tí kò gbè wọ́n, ohun tó ti gba orí òun náà kọjá ló ń sọ.

Iṣẹ́ àwòrán yíyà ló kọ́kọ́ lọ kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Simpson, ní Iowa, ní 1890. Olùkọ́ rẹ̀ obìnrin rí i pé igi àti ewéko ló ń yà ṣáá, ó sì gbà á níyànjú pé kó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ewéko. Báyìí ló ṣe wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Iowa ní 1891, òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní 1894, ó gba èkejì ní 1896, wọ́n sì fi í ṣe olùkọ́. Ọmọ kékeré kan máa ń tẹ̀ lé e wọ inú igbó nígbà náà láti lọ wo ewéko. Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ni, Henry Wallace lorúkọ rẹ̀. Orúkọ yẹn yóò tún jẹyọ níwájú.

Booker T. Washington ló kọ̀wé pe Carver wá sí Tuskegee, ní Alabama, níbi tó ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú láti 1881. Ó fẹ́ kí Carver wá jẹ́ olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn. Oṣù Kẹwàá 1896 ni Carver débẹ̀. Òwú ló kún ojú ọ̀nà, ó hù dé ẹnu ìlẹ̀kùn ilé. Ilẹ̀ ti gbó, ọ̀gbàrá ti la á sí kòtò, àwọn tó wà lórí rẹ̀ kò sì sanra.

Báyìí ni ọdún àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kò nílẹ̀. Onílẹ̀ á fún wọn ní ilẹ̀, ìbaaka àti irúgbìn, wọ́n á sì pín òwú sí méjì nígbà ìkórè. Láti ìgbà tí wọ́n bá gbin òwú ní nǹkan bí oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹsàn-án tí wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í já a, kò sówó lọ́wọ́, ebi kò sì mọ̀ pé ìkórè kò tíì tó. Ọ̀dọ̀ onísọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń gba ìyẹ̀fun àgbàdo, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ àti ajílẹ̀ ní àwìn. Iye tó ń kọ sílẹ̀ fún ọjà àwìn ju ti ọjà owó lọ, èlé sì tún wà lórí rẹ̀. Òwú tó wà lóko ni ohun ìdúró. Ẹni tó bá fẹ́ gbin ẹ̀wà tàbí àgbàdo sí ibi tó yẹ kí òwú wà, onísọ́ọ̀bù kò ní gbà fún un, nítorí òwú lòun mọ̀ pé òun lè tà. Tó bá di ìparí ọdún, wọ́n á ṣírò. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé kò lè yẹ ìṣírò wò, bó bá sì mọ̀ ọ́n pàápàá, ta ni yóò bá òyìnbó jiyàn ní Alabama ayé ìgbà yẹn? Lọ́pọ̀ ìgbà, gbèsè ló máa ń kù, wọ́n á sì gbé e sórí ọdún tó ń bọ̀. Ìwọ̀fà ni, àfi pé wọn kò pè é bẹ́ẹ̀.

Ìjọba kò ṣàì ní ètò ìrànlọ́wọ́. Láti ọdún 1887 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní 15,000 dọ́là lọ́dọọdún láti fi ṣe ìwádìí nípa iṣẹ́ àgbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn òyìnbó ni owó ti Alabama ń lọ. Ní 1897, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ṣòfin pé kí Tuskegee náà ní oko ìwádìí tirẹ̀. 1,500 dọ́là lọ́dún ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ẹ fi èyí wé ti àkọ́kọ́. Carver kò ní ohun èlò ìwádìí kankan tó ṣe é mú yangàn, nítorí náà òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ ṣa ìgò, agolo àti ìdérí ìkòkò lórí ààtàn, wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n gé wọn, wọ́n sì fi wọ́n ṣiṣẹ́. Wọ́n mú ilẹ̀ tó burú jù, wọ́n fi ṣe oko ìdánwò. Ọ̀nà tí àgbẹ̀ tí kò lówó ajílẹ̀ lè gbà ni wọ́n ń wá, ilẹ̀ tó ń mú àdánù wá ní ìbẹ̀rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú èrè wá.

Ètò tí Carver gbé kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà òtútù, ìyẹn ìgbà tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ rò pé kò síṣẹ́. Ó ní kí wọ́n lọ gbá ewé jọ nínú igbó, kí wọ́n bu ẹrẹ̀ dúdú inú àbàtà, kí wọ́n kó o jọ pẹ̀lú ìgbẹ́ ẹran, kó jẹrà títí ìgbà ọ̀gbìn yóò fi dé. Ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ó ní kí wọ́n túlẹ̀ jinlẹ̀ nígbà náà, kí òjò lè wọlẹ̀ dípò kó máa gbé erùpẹ̀ lọ. Kí òwú tó kan ọwọ́, kí ọgbà ẹ̀fọ́ ti wà lẹ́yìn ilé, nítorí ẹni tó bá ń já ẹ̀fọ́ rẹ̀ jẹ kò ní lọ gbà á láwìn.

Lẹ́yìn náà ló kan ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀. Òwú ń fa okun ilẹ̀ lọ́dọọdún, kì í dá nǹkan kan padà. Ẹ̀wà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kókó kéékèèké kan wà ní gbòǹgbò ẹ̀wà àti ẹ̀pà, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń gbé inú wọn, àwọn ló sì ń gba oúnjẹ ilẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá kórè tán, tí wọ́n ro ìtàkùn ẹ̀wà mọ́lẹ̀, oúnjẹ náà á wà fún ohun tí wọ́n bá gbìn tẹ̀ lé e. Ní 1903, ó tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí ẹ̀wà. Ilẹ̀ adúláwọ̀ ni ẹ̀wà náà ti bá àwọn ẹrú dé Amẹ́ríkà. Ohun tí àwọn baba ńlá wọn ń gbìn pọ̀ mọ́ àgbàdo àti iṣu ni Carver wá ń fi ẹ̀rí ìwádìí dá padà fún àwọn ọmọ wọn. Ó tún gbìyànjú ọ̀dùnkún, tó ń so púpọ̀ lórí ilẹ̀ tí kò dára, tí ènìyàn ń jẹ, tí ẹlẹ́dẹ̀ náà sì ń jẹ.

Ìwé tó kọ́kọ́ tẹ̀ jáde, ní 1898, dá lórí bí wọ́n ṣe lè fi èso igi óákù tó ń jábọ́ lásán nínú igbó bọ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀kan wà ní 1911 tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè wa amọ̀ aláwọ̀ mèremère láti fi kun ilé, dípò kí wọ́n ra ọ̀dà. Òmíràn ní 1912 sọ bí wọ́n ṣe lè tọ́jú ẹran kó má bàjẹ́ nínú ooru, nítorí pé ìgbà òtútù nìkan ni wọ́n máa ń pa ẹlẹ́dẹ̀, tí oṣù ooru bá sì dé, wọ́n á tún sá lọ sí sọ́ọ̀bù. Ìwé kéékèèké mẹ́rìnlélógójì ló tẹ̀ jáde. Èdè tó fi kọ wọ́n kò le, ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé wo ni ẹni tí kò mọ̀wé yóò kà? Carver ń pe àwọn àgbẹ̀ jọ lóṣooṣù ní Tuskegee, wọ́n ń rìn yí oko ìdánwò ká, wọ́n ń fọwọ́ kan ohun tí wọ́n rí. Láti 1904, ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ díẹ̀ tún wà fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀. Àwọn tó nílò rẹ̀ jù ni kò lè wá. Ọ̀nà jìn, ìbaaka ti onílẹ̀ ni.

Nítorí náà, ilé-ẹ̀kọ́ lọ bá wọn. Ní 1906, Carver ya àwòrán kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí ẹran yóò máa fà, olówó kan ní New York tó ń jẹ́ Morris Jesup sì gbé owó rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kó ohun èlò ìtúlẹ̀, irúgbìn, àti ohun èlò wàrà àti bọ́tà sínú rẹ̀, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. Ó ń yà ní oko, ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí èrò bá ti pé jọ. Wọ́n á túlẹ̀ lójú àgbẹ̀, lórí ilẹ̀ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀, òun náà á sì dì í mú wò. Ní oṣù Kọkànlá 1906 kan náà, ìjọba àpapọ̀ gba Thomas Monroe Campbell, akẹ́kọ̀ọ́ Tuskegee, síṣẹ́ láti máa darí kẹ̀kẹ́ náà. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbà láti máa lọ kọ́ àgbẹ̀ lóko. Nígbà tó yá, mọ́tò rọ́pò kẹ̀kẹ́ ní 1918. Ní 1923, àwọn àgbẹ̀ dúdú fúnra wọn dá owó jọ ra mọ́tò tuntun. Àwọn ènìyàn tí wọ́n ń jẹ gbèsè wọ̀nyí ló dá owó náà.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni Carver mọ̀ ọ́n ṣe. Washington fi í ṣe alábòójútó ọgbà adìẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà, ọ̀rọ̀ adìẹ yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wọn ká. Adìẹ ń kú, àkọsílẹ̀ kò pé, Washington ń bínú, Carver náà ń kọ̀wé pé òun á fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò lọ.

Nígbà tí Carver jẹ́ olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn yìí ni òkìkí Tuskegee dé etíkun ilẹ̀ adúláwọ̀. Àwọn Jámánì tó ń ṣàkóso Togo nígbà náà fẹ́ kí òwú pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì bẹ Washington. Ní ìparí ọdún 1900, olùkọ́ kan, James Calloway, àti mẹ́ta nínú àwọn tó ti kàwé jáde wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lomé. Ní Tove, ẹ̀sìnsìn pa àwọn ẹran tó yẹ kó fa ohun èlò ìtúlẹ̀, ènìyàn ló wá ń fà á. Àwọn àgbẹ̀ Ewe ibẹ̀ ti ń gbin òwú tiwọn pọ̀ mọ́ oúnjẹ tipẹ́tipẹ́, wọn kò sì rí ìdí tí wọ́n fi máa fi oúnjẹ sílẹ̀ gbájú mọ́ òwú nìkan. Ohun tí Carver ń bẹ àwọn ará Alabama pé kí wọ́n ṣe gan-an ni àwọn wọ̀nyí ń ṣe, òun ni àwọn Jámánì ń lé wọn kúrò nídìí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Tuskegee náà, John Robinson, dúró sí Togo títí ó fi rì sínú odò Mono ní 1909.

Ní Alabama, kòkòrò kékeré kan tó ń jẹ èso òwú, tó ti Mexico wọ Texas, dé ní nǹkan bí 1910. Ó pa oko run. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti olówó tó ń fi Carver ṣẹ̀fẹ̀ yíjú sí ẹ̀pà. Ní Enterprise, ní gúúsù Alabama, ẹ̀pà mú owó wọlé tó bẹ́ẹ̀ tí ará ìlú fi kọ́ ère ìrántí fún kòkòrò náà ní 1919. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lónìí ṣì lè rí i. Ní 1914, ìjọba àpapọ̀ ti ṣòfin ńlá tó fi owó sílẹ̀ fún kíkọ́ àgbẹ̀ lóko ní gbogbo orílẹ̀-èdè, iṣẹ́ tí kẹ̀kẹ́ Tuskegee ti ń ṣe láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Òfin náà fi í sọ́wọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láti yan kọ́lẹ́ẹ̀jì tí yóò máa ná owó náà. Jákèjádò gúúsù, ti òyìnbó ni wọ́n yàn.

Carver tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀pà ní 1916, pẹ̀lú ọ̀nà 105 tí wọ́n lè gbà sè é. Ní oṣù Kìíní 1921, àwọn oníṣòwò ẹ̀pà mú un lọ síwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ní Washington láti bẹ̀bẹ̀ fún owó orí lórí ẹ̀pà òkèèrè. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún un. Ó ń kó ọjà rẹ̀ jáde nínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan, wàrà ẹ̀pà, èyí, ìyẹn, títí wọ́n fi ní kó máa lò ó lọ bó ṣe wù ú. Owó orí náà wọlé ní 1922. Láti ìgbà náà ni ìwé ìròyìn ti sọ ọ́ di bàbá ẹ̀pà, tí wọ́n tilẹ̀ ń sọ pé òun ló kọ́kọ́ ṣe bọ́tà ẹ̀pà. Òun kọ́. Nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún nǹkan tó fi ẹ̀pà ṣe, kò sí èyí tó tà tó bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Àwọn tó ń yìn ín fún ẹ̀pà kò sì sọ nǹkan kan nípa gbèsè onísọ́ọ̀bù.

Nígbà tó di 1933, ọmọ kékeré ọjọ́sí, Henry Wallace, di mínísítà fún ètò ọ̀gbìn nínú ìjọba Ààrẹ Roosevelt. Ó gbé ètò kan jáde tí ìjọba fi ń sanwó fún àgbẹ̀ láti dín òwú kù, kí owó rẹ̀ lè gòkè. Wọ́n ro nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá éékà òwú mọ́lẹ̀ lọ́dún náà. Owó òwú gòkè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ onílẹ̀ ni sọ̀wédowó ń gbà kọjá. Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ mú gbogbo rẹ̀, wọ́n sì lé àwọn tó ń dáko fún wọn, nítorí ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò ro ó mọ́. Ibi tí ẹ̀kọ́ Carver náà kò lè dé nìyẹn. Ẹni tó fi ewé àti ẹ̀wà tún ilẹ̀ onílẹ̀ ṣe, onílẹ̀ lè lé e lọ́dún tó ń bọ̀, kó sì gba ilẹ̀ tó ti jí padà. Carver kì í bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ìṣèlú, àwọn kan sì dá a lẹ́bi fún èyí nígbà ayé rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀.

Kò gbéyàwó, kò bímọ. Yàrá inú ilé-ẹ̀kọ́ ló ń gbé, aṣọ kan náà ló ń wọ̀ lọ́dọọdún, òdòdó tuntun kò sì kúrò láyà ẹ̀wù rẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ tí kò ná ló kó fún ilé ìwádìí tó dá sílẹ̀ ní Tuskegee ní 1940. Ó ṣubú ní àtẹ̀gùn, ó sì kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní 1943. Ẹ̀gbẹ́ Booker T. Washington ni wọ́n sin ín sí. Ní oṣù Keje ọdún náà, Roosevelt fọwọ́ sí òfin tó sọ oko Moses Carver ní Diamond, ibi tí wọ́n ti jí ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ gbé, di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè. 30,000 dọ́là ni ìjọba yà sọ́tọ̀ fún un.